Lẹ́tà Kan Ṣoṣo ní Ẹnu Ọ̀nà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2022, a jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí a ti ń kọ́ni ní Kétu, a tẹ bọ́tìnì kan, a sì pa ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún rẹ́. A kò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí a ṣe nìyẹn. Ohun tí a rí ni ìlà pupa mẹ́rin tàbí márùn-ún ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti rí títí tí wọ́n fi ń fi í ṣe ẹ̀rín. A bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a fẹ́ padà wo fáìlì náà ni ẹ̀rín gbẹ mọ́ wa lẹ́nu.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni iṣẹ́ wa; òun ni a kà gba ìwé ẹ̀rí licence ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi méjìlá a máa wá bá wa láti kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní èdè Python, èdè tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1991. Kí ẹ̀kọ́ náà má baà di eré lásán, a wá iṣẹ́ gidi fún wọn. A ní kí olúkúlùkù padà sílé lọ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ àwọn ohun èlò àtijọ́, ti oko, ti ilé ìdáná, ti ilé aláró, ti àgbẹ̀dẹ, kí ó sì mú wọn wá. Ìlà kan fún ọ̀rọ̀ kan: ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Faransé, ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì kan ṣoṣo tí a pè ní oro.txt. (Ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní fichier ni à ń sọ. A ó pè é ní fáìlì níhìn-ín bí àwọn ará Nàìjíríà ti ń pè é, nítorí pé láti ìgbà tí àwọn èèyàn wa ti ń ná ọjà ẹnubodè Ìlárá, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlejò létí wa mọ́.)

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ kíláàsì première, tí ìyá rẹ̀ àgbà jẹ́ amọ̀kòkò. Ìyá náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Ọmọ yìí á jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, á dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú orúkọ ìkòkò lẹ́nu: àmù, orù, ìṣaasùn, agbada, ajere tí gbogbo ara rẹ̀ lu. Ìwọ̀nyí kò ṣe àjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n bí oṣù kejì ti ń parí lọ, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀: orúkọ amọ̀ tí ó ti gbẹ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì tó fi iná sun, orúkọ ìró tí ìkòkò ń dún nígbà tí a bá fi ìka kàn án tí ó sì ti jinná, orúkọ ojú sísán kan tí ó ní àtúnṣe, àti ti òmíràn tí kò ní. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. A kò rí ọ̀kankan nínú wọn rí nínú ìwé.

Níbí gan-an ni ẹ̀bi wa ti bẹ̀rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó dá sí i. Àwa ni a sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé àjákọ mọ́, pé ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ méjì, pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ tààrà sínú fáìlì. Àwọn aláìgbọràn inú wọn kò gbọ́, wọ́n ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé lọ ní tiwọn. Ọmọ amọ̀kòkò gbọ́. Ó ń há ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà sórí láti ilé, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láìsí bébà kankan láàárín.

Ìyá àgbà náà kú nínú oṣù kẹta. A lọ bá wọn kẹ́dùn.

Kí ẹni tí kò kọ ètò rí lè bá wa dé ibi tí à ń lọ, ó yẹ kí a sọ bí a ti ń ṣí fáìlì láti inú ètò. Ọ̀nà tí àwọn Faransé ń pè ní programmation orientée objet ni Python ń tọ̀. Nínú ọ̀nà yìí, ohunkóhun tí ètò bá fẹ́ bá lò ni a sọ di «ohun» kan, ohun kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà tirẹ̀ àti ìṣe tirẹ̀. Ìwà ni ohun tí ó jẹ́. Ìṣe ni ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí a ń wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní attribut àti méthode, a kò rìn jìnnà rárá: àwọn bàbá wa ti so ìwà àti ìṣe pọ̀ mọ́ra kí a tó bí ẹni tó ronú kan kọ̀ǹpútà.

Bí a bá wá kọ open("oro.txt"), kì í ṣe fáìlì fúnra rẹ̀ ni yóò bọ́ sí wa lọ́wọ́. Fáìlì wà níbi tí ó wà, lórí dísíìkì. Ìránṣẹ́ kan ni a rí gbà, ohun kan tí a lè fún ní orúkọ f, tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàárín àwa àti fáìlì. Ó ní ìwà: a lè bi í ní orúkọ fáìlì tí ó ń ṣojú fún, a lè bi í bóyá ó ṣì wà ní ṣíṣí tàbí wọ́n ti tì í, a lè bi í ní irú àkójọ lẹ́tà tí ó ń lò. Ó sì ní ìṣe: f.read() ni kó kàwé wá fún wa, f.write() ni kó lọ kọ ohun tí a fi rán an, f.close() ni kó tilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi í jẹ́ tọmọ. Ìránṣẹ́ tiwa yìí kò gbọ́ òwe náà rí. Bí a bá rán an ní iṣẹ́ ẹrú, iṣẹ́ ẹrú ni yóò jẹ́, láì fi ọ̀rọ̀ kan kún un, láì bi wá pé ṣé ó dá wa lójú.

Kí ó tó lọ, ó ń fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí a rán an. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni a fi ń sọ fún un. Ẹni tó bá mọ Kétu mọ Àkàbà Ìdénà, ẹnu ọ̀nà ńlá ìlú tí ogun Dàhọ̀mì fi sílẹ̀ sí ìdúró lẹ́yìn tí ó run ìlú ní ọdún 1886. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àyè sì wà láàárín. Nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ yìí, a kó wọn lọ dúró nínú àyè àárín náà. A ní kí wọ́n ro ó wò pé oníbodè kan jókòó níbẹ̀, tí ó ń bi olúkúlùkù pé: kí lo wá ṣe nílùú? Ẹni tó bá dáhùn pé «r», ó wá kàwé ni. Á wọlé, á wò, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí fáìlì tí ó wá kà kò bá sì sí, wọ́n á dá a padà pẹ̀lú FileNotFoundError. Ẹni tó bá ní «a», ó wá fi kún un ni. Ìdí ìlà tó gbẹ̀yìn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò ní dé ara àwọn ti ìṣáájú. Ẹni tó bá ní «x», ó wá kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ tí kò sí ẹnìkan lórí rẹ̀; bí ilé bá ti wà níbẹ̀, wọ́n kò ní jẹ́ kó wọlé. «x» yìí ni àbíkẹ́yìn wọn. Ọdún 2012 ni wọ́n fi í kún Python.

Ó ku «w». Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ jù, nítorí pé kì í kọ̀ fún èèyàn. Bí fáìlì kò bá sí, á dá a. Bí ó bá wà, á ṣí i. Ohun tí ó ń ṣe láàárín méjèèjì ni ènìyàn kì í tètè rí: bí ó bá bá fáìlì nílẹ̀, ó ń gbá gbogbo inú rẹ̀ dànù ná. Kì í dúró de ìgbà tí a bá ní kó kọ nǹkan. Lẹ́nu ọ̀nà ni ó ti ń gbá a, ní ìṣẹ́jú àáyá tí a bá dárúkọ «w», kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wa. A mọ èyí. A ti kọ ọ́ sójú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì pupa. A ti bi í léèrè nínú ìdánwò.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìgbéraga díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí a má purọ́. Fáìlì wa ti di ìlà 347, a sì fẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tẹ̀ léra gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka lẹ́tà Yorùbá. Bí a bá ní kí Python ṣe é bó ti wù ú, nọ́ńbà lẹ́tà ni yóò tẹ̀lé, yóò sì gbé ẹ sí ẹ̀yìn z. Kódà àmù, nítorí àmì orí rẹ̀, á lọ jókòó sí ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tí w àti y bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi kọ ìlànà tiwa, tí ẹ fi tẹ̀lé e, tí ọ fi tẹ̀lé o, tí a kò sì jẹ́ kí àmì ohùn da ìtò rú. Nígbà tí ó ṣiṣẹ́, inú wa dùn bí ẹni pé a dá òfin fún ìlú. Ó wá ku ìlà méjì péré: kí ètò ṣí fáìlì láti kà á, kí ó tò ó, kí ó tún un ṣí láti kọ ọ́ padà.

Ní àkókò yẹn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iṣẹ́ wa kúrò lórí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí a ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ sórí òmíràn tí ó yára jù ú lọ. A kíyè sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ̀rọ tuntun yìí kò lè ka Yorùbá wa bí a kò bá sọ fún un bí yóò ti kà á. Nítorí náà, nínú ìlà tí a fi ń kàwé, a kọ ọ́ báyìí: open("oro.txt", "r", encoding="utf-8"). Ó kà á láìṣìṣe. Nínú ìlà kejì, èyí tí a fi ń kọ̀wé, a kọ open("oro.txt", "w"), a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí a gbàgbé yìí, nítorí pé ó kan gbogbo ẹni tó bá ń fi èdè wa kọ̀wé. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. Ìwé àdéhùn kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò sọ pé nọ́ńbà báyìí ni lẹ́tà báyìí. Bí a kò bá dárúkọ ìwé àdéhùn tí a fẹ́, Python yóò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀. Ti ẹ̀rọ tuntun wa ni èyí tí wọ́n ń pè ní cp1252. Àyè tó wà nínú rẹ̀ kò ju 256 lọ. É wà níbẹ̀, è wà níbẹ̀, ç wà níbẹ̀, œ pàápàá ní ibùjókòó tirẹ̀. Faransé délé, ó sì na ẹsẹ̀. Ẹ kò sí níbẹ̀. Ọ kò sí. Ṣ kò sí. Bí a bá sì sá lọ sínú álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kọ àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin, ɛ àti ɔ kò sí níbẹ̀ bákan náà. (Àwọn ọmọ wa ń da àwọn méjèèjì pọ̀: ẹni tí ìwé Nàìjíríà bá wà ní ilé wọn ń kọ ẹ, ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti ṣe ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ń kọ ɛ. A kò bá wọn jà lórí ìyẹn.) Nínú ìwé àdéhùn ńlá tí gbogbo ayé ń lò lónìí, Unicode, nọ́ńbà ɛ ni 603, ti ẹ sì ni 7865; àwọn méjèèjì ti ga ju àjà 256 lọ fíìfíì. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní ọdún 1992, ni ọ̀nà tí a ń gbà kó irú nọ́ńbà ńlá bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì: ó fún ɛ ní octet méjì, ó fún ẹ ní mẹ́ta, bí a bá sì gbé àmì òkè lé e lórí, ẹ́ di octet márùn-ún. Èdè wa wúwo díẹ̀ nínú fáìlì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ wá bá wa padà sí òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ètò ka ìlà 347, ó tò wọ́n, ó so gbogbo wọn pọ̀ di ọ̀rọ̀ gígùn kan. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní «w». Wọ́n gbá inú fáìlì mọ́. Ó wá na ọwọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ni abẹ, irinṣẹ́ àwọn olóòlà. Ó tẹ a, ó tẹ b, ó dé orí ẹ, ó wo ìwé àdéhùn cp1252 títí, kò rí i. Ó ké UnicodeEncodeError, ó dárúkọ '\u1eb9' tí í ṣe ẹ, ó sì kú síbẹ̀. Kò tíì kọ nǹkan kan. Fáìlì oro.txt wà lórí dísíìkì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ octet 0.

Àwọn ìlà pupa yẹn ni a ń wò tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ni a pè é. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún wa kì í ṣe èyí tó pa wá lára. Ó ń pariwo nítorí ẹ. Kò ní ohun kan láti sọ nípa ìlà 347, nítorí pé lójú tirẹ̀, ohun tí a rán an ló jẹ́.

Ọmọ amọ̀kòkò ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní: «Monsieur, ẹ jọ̀ọ́, ti ìyá mi àgbà ńkọ́?» A ní kó má bẹ̀rù, a ó rí i. A ti mọ̀ nígbà tí a ń sọ ọ́ pé a kò mọ ibi tí a ó ti rí i.

Ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó. A sáré lọ ṣí i: ìlà 212, gbogbo rẹ̀ dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Ọ̀rọ̀ 135 ló kù. A kó àwọn ọmọ jọ, a sì jẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà náà ni àwọn aláìgbọràn bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwé àjákọ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìtìjú, bí ẹni pé àwọn ló ṣẹ̀. Ọmọkùnrin kan ti kọ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ẹ̀kọ́ ilẹ̀-ayé. Òmíràn kọ tirẹ̀ sára páálí bísíkíìtì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi tún wọn tẹ̀. Nígbà tí a parí, 118 ti padà wálé. Mẹ́tàdínlógún tó kù, ti ìyá àgbà ni gbogbo wọn. Àmù padà wá, orù padà wá, ajere padà wá, nítorí pé wọ́n ti wà nínú ẹ̀dà àtijọ́, bí wọn kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀ ẹnikẹ́ni nílùú lè sọ wọ́n fún wa. Àwọn tí kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn ni kò padà.

A lọ bá ọmọ náà nílé wọn láti sọ fún un níwájú ìyá rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra. Ó ní kí a dìde, pé ikú ló mú àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Ikú ti dé, ó ti lọ, ó ti bá àwọn ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ nínú fáìlì, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wa.

Ọmọ náà sọ ohun kan tí a kò lè gbàgbé. Ó ní òun ṣì ń gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ mìíràn nínú wọn, bí ìyá àgbà ti ń fà á, ṣùgbọ́n òun kò mọ èwo ni ti amọ̀, èwo ni ti ìró ìkòkò mọ́. Láti ìgbà tí òun ti tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà ni òun ti sọ wọ́n kalẹ̀ kúrò lórí.

Láti ìgbà náà ni a ti yí bí a ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, open ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, orúkọ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2014 ni Python ti ní ohun kan tí ń jẹ́ Path, èyí tí a fi ń di orúkọ fáìlì mú láì ṣí fáìlì náà. Bí a bá kọ p = Path("oro.txt"), a kò tíì dá nǹkan kan, a kò sì tíì ba nǹkan kan jẹ́. A lè di orúkọ fáìlì tí kò tíì sí mú, bí ìdílé ti lè ní orúkọ nílẹ̀ fún ọmọ tí a kò tíì bí. Ohun náà sì ní ìṣe tirẹ̀: p.exists() ń sọ fún wa bóyá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ti wà, p.touch() ń dá fáìlì òfìfo bí kò bá sí, bí ó bá sì ti wà, kò fọwọ́ kan inú rẹ̀, ọjọ́ ara rẹ̀ nìkan ni yóò yí padà. A ń jẹ́ kí àwọn ọmọ bá orúkọ gbé fún ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì gbáko kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Àwọn kan ń ráhùn pé ó pẹ́ jù. Kí wọ́n máa ráhùn.

Nígbà tí ó bá kan kíkọ, a kò tún kọ fáìlì kankan lé ara rẹ̀ lórí mọ́. Ètò tí ń to ọ̀rọ̀ ń ka oro.txt, ó ń ṣí fáìlì mìíràn tí ń jẹ́ oro-tuntun.txt pẹ̀lú «x» àti encoding="utf-8", ó ń kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i láti ka iye ìlà rẹ̀. Bí iye náà bá bá ti àtijọ́ mu, ìgbà náà ni ìṣe kan tí ń jẹ́ replace() yóò gbé tuntun sórí ìtẹ́ àtijọ́. Bí nǹkan kan bá kú lójú ọ̀nà, oro-tuntun.txt ni yóò kú. A tún ń fi ọ̀rọ̀ with ṣáájú open nígbà gbogbo, nítorí pé òun ni ó ń rí i dájú pé a ti ilẹ̀kùn, ìbáà jẹ́ pé ètò parí ní àlàáfíà tàbí ó ṣubú. Ọ̀rọ̀ tí a ní kí f kọ kì í dé orí dísíìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ títí a ó fi ti fáìlì. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ láìdágbére, ọ̀ọ̀dẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń fi ohun iyebíye sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá léèrè ní ọdún tó kọjá pé kí ni ìwúlò «a», nígbà tí ó jẹ́ pé «w» lè kọ ohun àtijọ́ àti ohun tuntun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa Baba Ẹlẹ́gùn. Ó ti gbọ́. Ọmọ Kétu ni. Baba Ẹlẹ́gùn ni ìtàn ìlú wà lórí rẹ̀, òun ló sì ń ròyìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí Alákétu tuntun bá gorí oyè. Ọba tuntun dé, ìdí ni ó ti ń wọlé sínú ìtàn náà. Kò sí ọba tí wọ́n ti ìtorí rẹ̀ gbá àwọn tó ṣáájú rẹ̀ dànù. Ọmọ náà rò ó, ó ní: «Nítorí náà, «a» ni wọ́n ń lò.» Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ti ń ṣọ́ra fún ẹ̀rín nínú yàrá yẹn.

Nínú oro.txt ti òní, a fi ìlà mẹ́tàdínlógún sílẹ̀ láìkọ ọ̀rọ̀ sí i. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì ìbéèrè níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni «ìyá àgbà, amọ̀kòkò», àti oṣù tí ó sọ ọ́. Ètò wa kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe nígbà tí ó bá ń to ọ̀rọ̀, nítorí náà ó ń kó gbogbo wọn lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ọmọ náà ti gba ìwé ẹ̀rí baccalauréat, ó wà ní yunifásítì báyìí. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ó wá bá wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ìwé àjákọ kan lọ́wọ́. Ó ti wá àbúrò ìyá rẹ̀ àgbà kàn ní abúlé kan, òun náà mọ ìkòkò nígbà èwe rẹ̀, ó sì rántí márùn-ún. A dìde fún un lórí àga. Ó jókòó, ó fi ìwé àjákọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ní ṣíṣí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìlà tí yóò fi ṣí fáìlì: orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà «a». Kí ó tó tẹ bọ́tìnì tó gbẹ̀yìn, ó mú ọwọ́ kúrò, ó tún ìlà náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀rọ, títí tí ó fi dé ibi tí a kọ utf-8 sí.